Etí Ni Jígí Ẹ̀yìn Oníkẹ̀kẹ́

Takisí Accra kì í rí ẹlẹ́sẹ̀ kó dákẹ́. Dúró létí Ring Road láàárọ̀, kódà kó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ lò ń retí, takisí mẹ́ta yóò ti fọn fèrè sí ọ kí o tó mí kanlẹ̀. "Ṣé ẹ ń lọ?" ni wọ́n ń bi ọ́. Tirotiro, bọ́ọ̀sì akérò tó jẹ́ dáńfó tiwọn, ní fèrè kúkúrú fún ọpẹ́, ó ní gígùn fún èébú, ó sì ní méjì léraléra tó túmọ̀ sí pé "mo ti ń yà bọ̀ o." Kọ̀ndọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní méètì, ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara ọkọ̀ kí dírẹ́bà lè mọ̀ pé èrò ti bọ́ sílẹ̀ tán, ó sì ń ké "Circ! Circ! Circ!" sí àwọn tó ń lọ sí Kwame Nkrumah Circle. Ẹni tó bá fẹ́ rìn nílùú yìí kó má farapa, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀wé.

Inú ọ̀kan nínú àwọn takisí yẹn ni a wà, nítòsí àdúgbò Nima, nígbà tí a rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan níwájú wa lórí kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere là ń wí o, kì í ṣe Màrúwá. Okùn funfun méjì sọ̀ kalẹ̀ láti etí rẹ̀ wọ inú àpò ṣòkòtò. Orí rẹ̀ ń mì, èjìká rẹ̀ ń jó díẹ̀díẹ̀. Tirotiro kan ń bọ̀ kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fọn, ó ń fọn, méètì ti yọ àyà jáde lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là gbàgà. Ọmọ náà ya sí àárín títì láti yẹ gọ́tà kan tí kò ní ìdérí. Jígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà gba ìgúnpá rẹ̀ kọjá bí ẹni fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò wẹ̀yìn. Kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Orí rẹ̀ ṣì ń mì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án, yóò ní irọ́ ni.

Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n kò bá ti ọmọ yìí mu tán. Etí ajá inú òwe ti di. Etí ọmọ yìí là kedere, fèrè mìíràn ló ti gba ibẹ̀ kí ti ọdẹ tó dé. Íápíìsì tó fi sétí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, àti kẹ̀kẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, àti títì tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́. Ní Accra, etí oníkẹ̀kẹ́ ni jígí tó fi ń rí ẹ̀yìn, kò sì yẹ kó fi orin bò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bá a wí, kó kọ́kọ́ yẹ etí tirẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ Accra kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni lọ́dọ̀ wa. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà ti ń tajà ní Gánà tipẹ́tipẹ́ kí òfin ìjọba Busia tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà sílé ní ìparí ọdún 1969, àwọn ọmọ wọn sì ti tún padà lọ. Kódà ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn ní Accra, ọ̀dọ̀ wa lorúkọ rẹ̀ ti lọ: orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air ni a kọ́kọ́ fi ṣe alùpùpù lẹ́fẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ẹ̀fẹ̀ náà fi lọ bá wọn.

Ohun kan wà nípa fèrè ọkọ̀ ní Accra tí àwọn ará ilé lè má mọ̀. Ní La, àdúgbò àwọn Ga tó wà létí òkun, ẹgbẹ́ awakọ̀ ibẹ̀ ti sọ fèrè ọkọ̀ di ohun èlò orin. Fèrè ayé àtijọ́ ni, èyí tó ní rọ́bà róbótó nídìí tí a ń fi ọwọ́ fún kó tó dún. Pọ́ọ̀-pọ́ọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń ké. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé láyé ọkọ̀ onípákó, bí táyà bá jò lóru nínú igbó, ẹnìkan á máa fi ẹ̀rọ ọwọ́ gbé afẹ́fẹ́ sí i, àwọn yòókù á máa fọn pọ́ọ̀-pọ́ọ̀, wọ́n á máa fi sípánà lu rímù, kí ẹranko búburú má bàa sún mọ́ wọn. Ìbẹ̀rù ló bí ariwo náà, nígbà tó yá ariwo di ijó. Bí awakọ̀ kan nínú wọn bá kú lónìí, fèrè yẹn ni wọ́n fi ń sin ín. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Steven Feld, tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìmọ̀ nípa ìró, lọ bá wọn gbé, ó gba orin wọn sílẹ̀, ó sì gbé e jáde nínú àwo ní ọdún 2007, ọdún tí Gánà pé 50 ọdún lómìnira.

Àwa tí a ní dùndún kò nílò àlàyé lórí èyí. A mọ ìgbà tí àyàn ń kíni, a mọ ìgbà tó ń fi ìlù bú wa, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni dírẹ́bà Accra. Ìgbà tó bá ti fọn fèrè, lójú tirẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì ti gbà pé ẹni iwájú ti gbọ́. Kì í tẹ bíréèkì mọ́, nítorí pé fèrè ti di bíréèkì rẹ̀. Ìwà burúkú ni. A kò ní í pè é lórúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti di àdéhùn láàárín ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn: èmi yóò fọn, ìwọ yóò yà. Ẹni tó fi orin dí etí méjèèjì ti jáde nínú àdéhùn náà láì sọ fún ẹnìkejì, dírẹ́bà sì ń bọ̀ lórí eré pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé àdéhùn ṣì wà.

Ẹ wo àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta FanIce, àwọn tí gbogbo wa sáré tẹ̀lé lọ́mọdé, ní Ìbàdàn àti ní Accra. Fèrè ni àwọn náà fi ń polówó. Ó ṣòro kí o tó rí ọ̀kan nínú wọn tó fi íápíìsì dí etí, nítorí ọmọdé tó bá pè é látẹ̀yìn ni owó rẹ̀. Ohun tó ń bọ́ ọ kò gbà á láyè láti di adití. Ọ̀dọ́mọkùnrin tiwa kò ní nǹkan tó ń tà. Kò rò pé ohun tó wà lẹ́yìn kan òun.

A kò ní í bú u. Ẹni tó bá bú ọmọ tó ń gbọ́ orin ní Accra kò mọ Accra. Ìlú tí E.T. Mensah ti darí ẹgbẹ́ Tempos rẹ̀, tó sì gbé e wá sí Nàìjíríà láti ọdún 1950, tó yí háíláìfù tiwa padà, kì í ṣe ìlú tí a ti ń bẹ ènìyàn kó gbọ́ orin. Orin ìlú náà kì í sì gbé inú yàrá. Ó wà lábẹ́ kánópì òkú ní ọjọ́ Sátidé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí, ó wà nínú gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí títì. Ẹni tó ń ta oògùn eku ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e lé orí kẹ̀kẹ́ ẹrù kó máa ké lọ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń sùn nínú yàrá kan ní Nima, tí ogiri sì fẹ́lẹ́, íápíìsì ni yàrá àkọ́kọ́ tí ọmọ ibẹ̀ máa ní tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Kódà oṣù kan wà lọ́dún tí ọmọ oníápíìsì jẹ́ ọmọ gidi jù nílùú. Ní àárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà, kí ọdún Homowo tó dé, Ìgbìmọ̀ Ìbílẹ̀ àwọn Ga máa ń fi òfin de ìlù lílù àti ariwo ní Accra fún nǹkan bíi 30 ọjọ́. Wọ́n ti gbin jéró mímọ́, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìbílẹ̀ àti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìparí àwọn ọdún 1990 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, kí wọ́n tó wá bí wọ́n ṣe lè jọ gbé e. Ní oṣù yẹn, ẹni tó fi orin rẹ̀ sínú etí ara rẹ̀ kò ṣẹ òrìṣà, kò ṣẹ aládùúgbò. Íápíìsì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ibi tí a ti ń lò ó ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan yìí tà fún aráyé pàápàá fura sí i. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony gbé Walkman jáde ní Japan ní oṣù keje ọdún 1979, ihò méjì ló wà lára rẹ̀ kí ènìyàn méjì lè jọ gbọ́ orin kan náà. Wọ́n tún fi bọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn kan sí i: bí o bá tẹ̀ ẹ́, orin á lọ sílẹ̀, ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ á wọlé sí ọ létí. Àkìo Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ń bẹ̀rù pé yóò dà bí àìmọ̀wàáhù kí ènìyàn máa dá orin gbọ́ láàárín àwùjọ. Kò pẹ́ tí bọ́tìnì náà fi pòórá. Àwọn tó ń rà á kò béèrè fún un. Lẹ́yìn 40 ọdún, íápíìsì olówó ńlá ti tún ń dá a padà, wọ́n ń polówó rẹ̀ bí ẹni pé ọgbọ́n tuntun ni. Èyí tí wọ́n ń tà níbi iná pupa ní Accra kò ní in.

Kí ni oníkẹ̀kẹ́ ń pàdánù gan-an? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Òfin Gánà fi 50 kìlómítà ní wákàtí kan ṣe òpin eré láàárín ìlú. Ọkọ̀ tó bá ń sá eré yẹn ń gba nǹkan bíi mítà 14 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ ní 15 kìlómítà ń gba mítà 4. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè nígbà tó ku mítà 50 láàárín wọn, oníkẹ̀kẹ́ ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 5 láti wẹ̀yìn, láti ronú, láti yà. Bí orin bá bo fèrè náà títí ó fi ku mítà 10, ìṣẹ́jú àáyá 1 ló kù. Ènìyàn kì í parí ìyanu láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, áńbọ̀sí kó yà.

Àwọn ará Netherlands, tí kò sí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó wọn, ti dán an wò. Dick de Waard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Groningen gbé ìwádìí jáde ní ọdún 2011: wọ́n ní kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa gùn ún lọ pẹ̀lú orin létí, wọ́n sì ń dán etí wọn wò lọ́nà. Ohun tí wọ́n rí kò rọrùn fún ẹgbẹ́ kankan láti fi jà. Orin tó ròkè, orin tó yára, àti íápíìsì irú èyí tó wọnú ihò etí ṣinṣin ń mú kí wọ́n pàdánù ìró tó yẹ kí wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹyọ kan péré sí etí kan, irú èyí tí kò dí ihò etí pa, ń gbọ́ bí ẹni tí kò fi nǹkan kan sí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní Amẹ́ríkà, Richard Lichenstein àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Maryland kó ìròyìn ìjàǹbá 116 jọ, láti ọdún 2004 sí 2011, èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ tó fi íápíìsì sétí ti fara gbá. Èyí tó ju ìdajì lọ nínú wọn, ọkọ̀ ojú irin ló kọlù wọ́n. Nínú nǹkan bíi ìdá mẹ́ta àwọn ìròyìn náà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ fọn fèrè kí ó tó kọlu ẹni náà. Ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n o, kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́, ìròyìn inú ìwé ìròyìn ló sì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ, nítorí náà a kò lè fi mọ iye ẹni tó gbọ́ orin tó sì délé láyọ̀. Àwọn náà kò purọ́ pé ó fi í hàn. Ṣùgbọ́n reluwé kì í yọ́ rìn. Bí ènìyàn kò bá gbọ́ reluwé, kí ni ká ti sọ ti tirotiro?

Ẹnìkan yóò sọ pé, àwọn adití ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni. Accra gan-an ni Andrew Foster, adití ọmọ Áfíríkà-Amẹ́ríkà, ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní ọdún 1957 kí ó tó wá dá tiwa sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sì ń rìn nílùú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n adití mọ̀ pé òun kò gbọ́. Ọrùn rẹ̀ kò sinmi, ojú rẹ̀ ń yí, kí ó tó ya ọ̀nà ó ti wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń gbọ́ orin rò pé òun ń gbọ́. Etí tó ti mọ́ ọn lára láti máa ṣọ́ ẹ̀yìn fún un ti lọ sí òde ijó, kò sì yan ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà rèé. A sọ lókè pé tirotiro yẹn ń fọn, ó ń fọn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé a kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Dírẹ́bà wa ti gbé fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, pásítọ̀ kan sì ń wàásù nínú rédíò rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìn odò ni a wà. Ẹnu méètì tó là ni a fi ojú rí. Ìgbà tí dírẹ́bà wa rẹ rédíò sílẹ̀ láti bú ọmọ oníkẹ̀kẹ́ náà ni fèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wa. Ọmọ kan ń gbọ́ orin lórí kẹ̀kẹ́ tí kò lè pa ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kan ń gbọ́ ìwàásù nínú irin tó lè pa ènìyàn mẹ́wàá. Ẹni kejì ló ń bú ẹni àkọ́kọ́ pé kò gbọ́ràn. Àwa tí a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ sì ti ṣí ẹnu láti bá a bú u kí ojú tó tì wá.

Àwọn ìjọba tó ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é bákan náà. France kà á léèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2015, ẹni tí wọ́n bá mú yóò san 135 yúrò. Ohun tó dára nínú tiwọn ni pé òfin kan náà de awakọ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Spain náà kà á léèwọ̀. Ní California, etí méjèèjì ni a kò gbọdọ̀ bò. Ní New York, wọ́n gbà kí ènìyàn lo ẹyọ kan. Jámánì kò bìkítà nípa ohun tó wà létí rẹ, bí kò bá ti dí ọ lọ́wọ́ láti gbọ́ ohun tó yẹ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ pa oníkẹ̀kẹ́ mẹ́fà ní London láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, Boris Johnson, tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, sọ pé òun kò ní í lòdì sí òfin tí yóò de íápíìsì. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dáhùn pé ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ńláńlá ló pa àwọn ènìyàn náà, kí ló dé tó fi jẹ́ etí òkú ni ìjọba kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò? Ìbéèrè yẹn bá Accra mu.

Nítorí pé Accra ti rí irú rẹ̀ rí. Títì Madina sí Adentan, wọ́n là á gbòòrò, ọkọ̀ ń fò lórí rẹ̀, wọ́n sì fi afárá tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà kọjá sílẹ̀ ní ààbọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òpó dúró, àtẹ̀gùn kò sí. Ọkọ̀ ń pa ènìyàn, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń kú pé kí wọ́n máa ṣọ́ra. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tún pa ọmọ ilé ìwé kan, àwọn ará àdúgbò dáná sun táyà, wọ́n dí ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn afárá náà, wọ́n sì parí wọn. Àwọn ènìyàn kan náà tí wọ́n ní kò mọ bí a ṣe ń sọdá títì ni wọ́n ń gba orí afárá kọjá lónìí. Wọn kò gba etí tuntun.

Ibo wá ni ọ̀nà oníkẹ̀kẹ́? Ẹni tó bá ti dé Tamale ní òkè Gánà á ti rí i pé ó ṣeé ṣe. Kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títì ńlá níbẹ̀, obìnrin ń gùn ún lọ sọ́jà pẹ̀lú ìró gígùn, ẹ̀rù ọkọ̀ kì í bà wọ́n bí ó ti ń ba ará Accra. Ní Accra, ohun tó ṣẹ́kù fún oníkẹ̀kẹ́ ni ìbú ẹsẹ̀ méjì láàárín tirotiro àti gọ́tà, àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun sì ti gba ìdajì rẹ̀. Títì George Walker Bush, tí wọ́n fi owó Amẹ́ríkà ṣe, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 2012, gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 14, ọkọ̀ mẹ́ta lè sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ kan lórí kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí títì bá rí báyìí ni etí fi di ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́. Ní Groningen, ẹni tí kò gbọ́ fèrè ṣì ní ọ̀nà tirẹ̀ lábẹ́ táyà. Ní Nima, etí nìkan ló ní.

Fún ìdí èyí, a kò dara pọ̀ mọ́ ẹni tó bá ń wí pé kí Gánà ṣe irú òfin France. Òfin ìrìnnà ọdún 2012 ti ka ọ̀kadà akérò léèwọ̀ nígbà kan, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ń gbé èrò lójú gbogbo ayé ní Circle fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ títì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bóyá Èkó tàbí Kútọnu, mọ ọmọ tí irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń bí: ọwọ́ tó nà jáde létí ọ̀nà. Ọmọ tí gbogbo ohun ìní rẹ̀ kò ju kẹ̀kẹ́ kan àti fóònù kan lọ ni yóò máa san án. Ẹni tó gbé fèrèsé sókè yóò kọjá lọ pẹ̀lú pásítọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ kéré sí òfin, ó sì ṣòro jù ú lọ. Kí oníkẹ̀kẹ́ yọ ẹyọ kan kúrò létí. Kì í ṣe èyíkéyìí: ti òsì ni kó yọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà ní Gánà àti ní Nàìjíríà, oníkẹ̀kẹ́ ń gba etí títì ní ọ̀tún, òsì rẹ̀ ni ikú ń gbà bọ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Peckham ní London, ti ọ̀tún ni kí ẹ yọ, nítorí pé òdìkejì ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ yín. Níbi tí títì bá ti há tàbí tí ọkọ̀ bá ti pọ̀ jù, kí ó yọ méjèèjì, orin náà kò ní í sá lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń rán ọmọ níṣẹ́ oúnjẹ kiri, tó ń fi ohùn inú fóònù júwe ọ̀nà fún un, lè ra ohun tí yóò gbé fóònù dúró síwájú kẹ̀kẹ́ fún un. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́? Àwọn àgbà Accra ṣì rántí oṣù kẹjọ ọdún 1974. Ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni Gánà kúrò lọ́wọ́ òsì, tí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Àwa ti ṣe tiwa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin ọdún 1972. Kí ọjọ́ náà tó dé, ìjọba fi rédíò bá ènìyàn sọ ọ́ ní èdè wọn títí ó fi wọ̀ wọ́n lára. Odindi orílẹ̀-èdè ló yí ọwọ́ padà. Yíyọ ohun tó kéré tó èèpo ẹ̀pà létí kò tó ìyẹn. Àjọ tó ń rí sí ààbò ojú títì ní Gánà, èyí tí òfin ọdún 2019 gbé dìde, mọ ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wà. Inú orin ni wọ́n wà. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sáàárín orin kan àti èkejì lórí rédíò, ní èdè Ga, ní Twi, ní Hausa, kó sì jẹ́ méètì ni yóò sọ ọ́, nítorí ohùn méètì ni gbogbo Accra mọ̀ ju ti mínísítà lọ. Kí wọ́n sì sọ fún dírẹ́bà pẹ̀lú pé fèrè kì í ṣe bíréèkì. Lẹ́yìn náà, kí Ìgbìmọ̀ Ìlú Accra gbé ọ̀dà àti búlọ́ọ̀kù jáde, kí wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Nima dé Circle fún ìdánwò. Gọ́tà tí kò ní ìdérí náà wà níbẹ̀. Ẹ bò ó, ọ̀nà dé.

A tún bá ọ̀dọ́mọkùnrin wa pàdé ọjọ́ náà, níbi tí iná pupa ti dá gbogbo wa dúró. Ọmọbìnrin kan gbé omi tútù sórí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ṣéńjì. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ọmọkùnrin náà rí. Ó yọ ẹyọ kan létí, ti òsì, ó tẹ́tí, ó gbọ́ iye tó yẹ kó gbà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi eyín já ọ̀rá omi, ó mu ún tán. Iná yí padà. Ó dá a padà sétí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.